Mílíkì Lára Ewé Àjàrà

Mummy mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ọgbà àjàrà kan lókè Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wáìnì ni wọ́n sì ń fi àjàrà náà ṣe. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé láti oṣù kẹrin. Kí ọkàn yín má bàa gbé sókè ni mi ò ṣe sọ.

Iṣẹ́ náà ò burú. Àrùn kan máa ń bo ewé àjàrà bíi páúdà, ọ̀gá mi ò sì fẹ́ kẹ́míkà rárá. Mílíkì la máa ń pò mọ́ omi, tí oòrùn bá ti yọ, màá fọ́n ọn sára ewé. Mílíkì tí a ò bá pò tán, ọ̀gá ní kí n máa gbé e lọ fún Ànísà, ọmọ-ọmọ yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún padà.

Mo rántí wáàsí Daddy pé ẹni tó pọntí, ẹni tó gbé e, ẹni tó tà á, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ẹ̀ṣẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹni tó ń fọ́n mílíkì. Àmọ́ oṣù tó ń bọ̀ la máa ká èso. Mo sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rù ń bà mí, ó ní, "Medinat, ta ló ní kó o mu ún?" Kò yé e.

Ẹ bá mi bi Daddy, nígbà tí inú wọn bá dùn. Bí wọ́n bá ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀. Ànísà ń kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ tètè fèsì.