Ẹ̀yin Márààrún Lẹ Máa Gbé E: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Ladislaus Hruby (1944–2021)

Ní Windber, ìlú àwọn awakùsà èédú ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilfáníà, ni a ti bí Bàbá wa, Olóògbé Ladislaus Hruby, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1944. Štefan Hruby ni baba tó bí wọn lọ́mọ. Ludmila, ọmọ ilé Kasarda, ni ìyá wọn. Ọmọ Slovakia ni ìdílé méjèèjì, abẹ́ ilẹ̀ sì ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Bàbá ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́fà, Bàbá ló sì tóbi jù lára. Ìyá wọn a máa sọ pé ọmọ yìí ti ń wo abọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó mọ ìrìn.

Ní ọdún 1955, òkè ihò èédú ya lu baba wọn, ó sì ṣẹ́ ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọ ihò lọ́jọ́ náà ló jọ fọwọ́ gbé e jáde. Bàbá dúró lẹ́nu ihò pẹ̀lú ìyá wọn, wọ́n sì gbọ́ tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń pariwo pé, “Ta ló gbé òpó ibẹ̀ yẹn dúró?” Ọ̀kan nínú àwọn àgbà awakùsà ló ní, “Jẹ́ ká gbé e délé ná.” Bàbá kì í sọ ìtàn yìí lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwa ọmọ la mọ̀ ọ́n.

Wọ́n lọ sí ilé ìwé ìjọ Àgùdà ní Windber, wọ́n sì ṣe girama níbẹ̀ títí di ọdún 1962. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé pápá bọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ, lọ dúró síwájú.” Iwájú yẹn ni ọkàn Bàbá wà títí tí wọ́n fi dàgbà. Àwọn márùn-ún tó máa ń dúró síwájú nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, kì í ju bọ́ọ̀lù, wọn kì í gbé e sáré, ẹnikẹ́ni kì í sì í mọ orúkọ wọn àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣàṣìṣe. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí ọwọ́ ọ̀tá má kan ajubọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ yìí ló gbé Bàbá dé yunifásítì kan ní Ohio, wọ́n sì gboyè jáde ní ọdún 1966.

Wọ́n fẹ́ ìyá wa, Bernadine Yurick, tíṣà ọmọ kéékèèké, ní oṣù Kẹfà ọdún 1969. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ lọ kí àwọn àna, àga ilé ìdáná fọ́ lábẹ́ wọn pátápátá. Baba ìyàwó wo àga, ó wo ọkọ ọmọ, ó ní, “Mo rò pé ọmọ mi lo wá fẹ́ ni, mi ò mọ̀ pé àga lo wá bá jà.” Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Bàbá ṣe tíṣà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí yunifásítì, wọ́n sì bọ́ sáàárín àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní ọdún 1985. Ní 1992, ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ ti ìlú Erie gbà wọ́n pé kí wọ́n wá máa ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn márùn-ún iwájú.

Ọdún 1994 ni ọdún tí ẹbí yìí kò lè gbàgbé. Àwọn márùn-ún iwájú Erie kò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Àwọn ọ̀tá ń gbé Neal Brandvold, ajubọ́ọ̀lù wa, ṣánlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ kò wá sí pápá mọ́. Lavelle Tookes ni gbogbo ìlú ń bú. Òun ló wà ní ìpẹ̀kun òsì, ọmọ Waycross ní Georgia, ọdún kejì rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá sì ń gbà wọlé. Ọkùnrin kan pe ilé iṣẹ́ rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ẹ kúkú ní kí Tookes máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ṣe ń wọlé!” Àwa ọmọ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, inú sì bí wa.

Roy Haldane, olórí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá, ránṣẹ́ pe Bàbá. Ó ní, “Laddie, ọmọ yẹn ò lè ṣe é. Màá jẹ́ kó máa lọ. Tí ògiri yẹn bá sì tún ya lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ náà mọ̀nà ilé.”

Bàbá ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìdíje méjì.”

“Ẹyọ kan.”

“Méjì, Ọ̀gá. Ọ̀kan tí mo máa fi kọ́ wọn, ọ̀kan tí ẹ máa fi rí i.”

Haldane mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Tí méjì yẹn bá kọjá, má wá bẹ̀ mí o.”

Bàbá wá jókòó ti fíìmù ìdíje, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, bí fèrè bá ti dún ni wọ́n máa ń gé àwòrán, torí wọ́n gbà pé ohun tó kù kò wúlò. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá ní kí ẹni tó ń ya fíìmù bá wọn wá èyí tí kò gé. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì pe ìyá wa láti ilé ìdáná.

“Bernadine, wá wo nǹkan.”

Ìyá nu ọwọ́, wọ́n wá wò ó. Neal wà nílẹ̀. Àwọn márùn-ún iwájú ti kẹ́yìn sí i, ọ̀kan ń wo ojú ọ̀run, òmíràn ń tún okùn bàtà tí kò tú so. Ọ̀tá tó gbé Neal ṣubú gan-an ló na ọwọ́ sí i tó fi dìde.

Ìyá ní, “Kí ló dé tí wọn ò gbé ọmọ ọlọ́mọ dìde?”

Bàbá ní, “Torí ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni gbogbo ayé máa ní òun ló jẹ̀bi.”

Àìsàn tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ gbé Neal, kámẹ́rà a mú un, rédíò a sì dárúkọ rẹ̀. Ni olúkúlùkù bá ń sá fún ẹ̀bi. Dominic Sabatelli, ẹni tó dúró ti Lavelle, kò na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́, kí wọ́n má baà sọ pé tirẹ̀ ni ọ̀tá tó kọjá. Lavelle nìkan wá ń gbìyànjú láti dá ẹni méjì dúró. Ó ń fà sẹ́yìn jù, ó ń ya ẹsẹ̀ jù, wọ́n sì ń gba inú wọlé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn márùn-ún náà pé jọ, Bàbá kò ya nǹkan kan sójú pátákó. Wọ́n pa ẹ̀rọ fíìmù, wọ́n ní, “Láti òní lọ, tí Neal bá ṣubú, ẹ̀yin márààrún lẹ máa gbé e. Mi ò fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí ò bá lọ, kó wá jókòó tì mí.”

Grady Osterhaus, ẹni àárín, ọmọ olóko màlúù ní Wisconsin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, “Kóòṣì, èèyàn márùn-ún tó tó báyìí lórí ẹnì kan? A máa fa Neal ya ni o.”

“Ẹ fà á ya. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ọ̀tá máa bá wa gbé e.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lavelle nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kóòṣì, kò sẹ́ni tí ò mọ ẹni tó jẹ̀bi.”

“Lavelle, ṣé ìwọ nìkan lo wà lórí pápá ni?”

“Rárá, sà.”

“Kí wá ló dé tó o ń gbé ẹrù èèyàn márùn-ún? Ó ń fà ẹ́ sẹ́yìn, mo rí i lẹ́sẹ̀ ẹ. Dom, ọwọ́ òsì ẹ dà?”

Dominic gbé e sókè. “Òun nìyí, sà.”

“Kò gbọ́dọ̀ kúrò lára Lavelle mọ́.”

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá ní kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ojú dídì, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀, kí Grady sì máa ké “Ó yá” kí gbogbo wọn tó ṣí. Wọ́n tún ń fi gbígbé dánra wò. Neal fúnra rẹ̀ ló ń lọ sùn sórí koríko, tó ń pariwo pé, “Ẹ rọra o, mo níyàwó nílé!”

Wọ́n pàdánù ìdíje àkọ́kọ́, a kò ní pa irọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run. Neal ṣubú léraléra, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tó bá ṣubú, àwọn márààrún ń sáré lọ gbé e. Àwọn èrò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní, “Wọn ò lè dáàbò bo ọmọkùnrin yìí, ni wọ́n bá kúkú di agbépósí!” Ìyá pa rédíò náà, wọ́n sì tún un ṣí, torí wọ́n fẹ́ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́.

Ìdíje kejì bọ́ sí ọjọ́ tí yìnyín ń já bọ̀ láti orí adágún. Ní pápá tiwa ní Erie ni. Àwọn ọ̀tá fi díẹ̀ ṣáájú, ó sì ku ìjù kan ṣoṣo kí fèrè ìkẹyìn dún. Haldane dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Grady ké, gbogbo wọn ṣí pọ̀. Ẹni tó dojú kọ Lavelle yí wọ inú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bá ọwọ́ òsì Dominic níbẹ̀. Neal ráyè, ó ju bọ́ọ̀lù náà. Ọ̀tá mìíràn fò mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti jù ú tán, ó sì gbé e ṣánlẹ̀.

Gbogbo pápá hó yèè, torí ọ̀kan nínú àwọn tiwa ti gba bọ́ọ̀lù náà, a sì ti borí. Àwọn márùn-ún iwájú ti kẹ́yìn sí gbogbo rẹ̀ ní tiwọn, Neal ni wọ́n ń gbé. Títí dòní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Haldane pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọmọ yẹn ò lọ mọ́.”

Bàbá ní, “Ọmọ wo, Ọ̀gá?”

“Laddie, má dán mi wò.”

Lavelle Tookes lo ọdún mẹ́sàn-án sí i nínú ẹgbẹ́ Erie. Ẹgbẹ́ náà kò gba ife ẹ̀yẹ kankan nígbà ayé Bàbá níbẹ̀, ó sì dun Bàbá díẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2005.

Ọmọ ìjọ Àgùdà tòótọ́ ni Bàbá. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì mọ orin kọ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú. Ní àsìkò Lẹ́ńtì, àwọn ni wọ́n máa ń bó ọ̀dùnkún ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn ìyá tó ń ṣe pírógì, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà fún ìjọ, Ìyá a sì máa kà á mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ pé ohun tí wọ́n jẹ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n bó lọ. Wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù títí ara wọn kò fi gbé e mọ́.

Ní ọdún 2014 ni àrùn gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2019, Bàbá ṣubú ní ilé ìdáná, Ìyá kò sì lè gbé wọn. Bàbá kọ̀ kí a pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá pe Lavelle, tó ń gbé Erie títí dòní, òun àti Dominic sì sáré dé. Bàbá wò wọ́n láti ilẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin méjì péré? Àwọn tó kù dà?”

Lavelle ní, “Kóòṣì, Wisconsin ni Grady wà. Ṣé ẹ máa dúró dè é ni?”

“Màá dúró.”

Lavelle bá pe Grady lórí fóònù, ó gbé fóònù náà lé Bàbá láyà. Grady ké “Ó yá!” láti Wisconsin, wọ́n sì gbé Bàbá dìde. Ìyá ní ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbé àwọn lọ́jọ́ náà ni.

Bàbá sùn nínú Olúwa nínú ilé wọn ní Erie, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 2021, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó wọn sáyé, Bernadine, àwọn ọmọ, Rosalind, Theodore àti Marguerite, ọmọ-ọmọ méje, àbúrò obìnrin kan, Irena, ní Windber, àti àwọn márùn-ún iwájú tí wọn kò bí, tí wọ́n sì ń pè ní ọmọ: Lavelle Tookes, Dominic Sabatelli, Grady Osterhaus, Viliami Fonua àti Curtis Embry.

A fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹ̀yin èrò. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gbé pósí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn márààrún ni yóò gbé e, bí wọ́n ṣe máa ń tò lórí pápá. Ibi ìdìmú mẹ́fà ló wà lára pósí. Neal Brandvold ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun di ìkẹfà mú. Grady ni yóò ké.

Bàbá wa, ẹ bèèrè àwọn tó kù níjọ́sí. Wọ́n ti pé. Ẹ sùn re o.