Gúùdù Lẹ́ẹ̀mẹta

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, wàá máa jáde re, wàá máa wọlé re, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbádùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú, òrùlé ẹ̀yìnkùlé sì ń jò bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ níta: wọn kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lọ kíláàsì àwọn àgbà, kí n lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí o ń fi òyìnbó kọ láìbẹ ọmọlọ́mọ. Nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan sínú àpótí ìsàlẹ̀, pé ti àwọn ará ọ́fíìsì ni. Ṣé mo lè kọ̀wé sí ènìyàn kí n má kí i ni? Mo kí wọn níbẹ̀ kún dẹ́nu, mo sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀kọ́ tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ti bí nǹkan ṣe ń ju nǹkan lọ lédè òyìnbó. Ó yé mi dáadáa, torí iṣẹ́ aránṣọ ni. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ìdí rẹ̀ lo máa lẹ aṣọ mọ́: bíìgì á di bígà, tó bá wá ju gbogbo wọn lọ, á di bígẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó ti gùn tẹ́lẹ̀, bíi bíútífúù, tí o bá tún lẹ nǹkan mọ́ ìdí rẹ̀, á máa wọ́ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé e ní fìlà níwájú, móò àti móòsì. Gúùdù nìkan ni kò gba abẹ́rẹ́. Ńṣe ló máa bọ́ aṣọ rẹ̀ jù nù, á lọ yá ti ẹlòmíràn wọ̀, á di bẹ́tà, á di bẹ́ẹ̀sì. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni n kò ti fọkàn tán an.

Lọ́jọ́ ìdánwò, tíṣà ní kí oníkálùkù fi gúùdù, bẹ́tà àti bẹ́ẹ̀sì kọ̀wé nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Wẹ́dà tó jókòó tì mí ti kọ tirẹ̀ tán kí n tó rí gíláàsì ojú mi. Èmi kọ orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan, mo kọ gúùdù síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó ní ìka kò dọ́gba, kí n mú ọ̀kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀sì. Mo ní òótọ́ ni, wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n èwo ni kí n gé jù nù nínú wọn tí màá ṣì lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́? Ó ní ìdánwò lásán ni, kí n sáà mú ẹnikẹ́ni. Mo ní n kò mú. Ó kọ òdo síbẹ̀, ó ní kò sí ìwé ẹ̀rí nìyẹn. Mo ní kó máa gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀.

O mọ ìdí rẹ̀, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí o féèlì ìdánwò rẹ, lójú gbogbo ilé ni mo ti sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ sàn jù ọ́ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, èmi ni mo jù ú sílẹ̀. O kò bá mi jà, o kàn di ẹrù rẹ. Ó di ọdún méjì, o ń pè, o ń fi nǹkan ránṣẹ́, o kò wálé. Mo jẹ̀bi, ó sì ń dùn mí. Mo ti sọ pé ọmọ kan sàn ju ọmọ kan lọ lédè tí ìyá mi kọ́ mi, kò sí tíṣà tó máa mú mi tún un sọ lédè òyìnbó.

Mo fẹ́ kọ èyí sórí fóònù, ṣùgbọ́n ìlà pupa ń yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, mo fi aṣọ tútù nù ún títí, kò lọ. Ó jọ pé tíṣà yẹn ń wọ ibẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó fọ́ọ̀mù tuntun àti ti ìwé, mò ń padà lọ, ohun tí mo kọ náà ni màá tún kọ. Bí kò bá sí owó, máa gbé ara rẹ bọ̀. Mo ti fi píìnì gún ìwé ìdánwò náà mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ mi, pẹ̀lú òdo rẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà wa. Wá fojú ara rẹ wo orúkọ rẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó wà lókè rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò gba ìwé ẹ̀rí.