Olè Kọ́, Ó Lé Ni

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Àwọn Àgbà,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Télọ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ń kọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń kọ́? Ojú tí o fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣé ó ṣì ń ríran? Ara tèmi le koko, mo dúpẹ́. Wo lẹ́tà yìí dáadáa: kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́. Ìyá arúgbó tó máa ń tẹ̀ka tẹ́lẹ̀ ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ báyìí. Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe "baba".

Ọ̀rọ̀ Baba gan-an ló sì wà nílẹ̀. Mo gbọ́ pé o ní kí àwọn ọmọ má fi orúkọ baba wa àgbà sínú ìwé ìdílé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, pé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí wa ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá ọ jà. Mo rántí ìjà tí o jà nílé-ìwé nítorí "ọmọ-ọmọ olè" tí wọ́n pè ọ́, àti eyín iwájú tó bá a lọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dá wọn dúró, kí o kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

Tíṣà wa ní kí oníkálukú kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀. Mo ní Baba ni mo máa kọ. Ó bá mi lọ sí yàrá tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ ilé-iṣẹ́ bíríkì sí. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ka "olè" mọ́ orúkọ Baba nínú rẹ̀ lọ́jọ́sí, tí gbogbo ayé fi ń pè é lólè, náà ni wọ́n gbé fún wa. Ọdún méjì ni Baba fi gbé amọ̀ níbẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà níwájú orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, àpá àdá tó là á láàrin hàn kedere. Mo gbé tèmi lé e. Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún ẹnì kan.

Akọ̀wé ayé ìgbà náà kì í fi àmì sọ́rọ̀, ó sì máa ń lẹ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń kọ sábẹ́ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni "Ope." Tíṣà ní, "Ọpẹ́! Akọ̀wé yìí mà moore o." Ojú ewé kejì, "Oku 2." Ló bá sáré bọ́ awò ojú rẹ̀: "Yéè! Òkú méjì, Màmá!"

Mo ní, "Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Àwọn òkú yín méjèèjì tí kò tẹ̀ka lọ́jọ́ náà ló tún tẹ̀ka láàárọ̀ ọjọ́ kejì yìí." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin tó ń tọ́jú ìwé.

Ìgbà náà ni ojú mi là. Èèyàn ló ń kà! Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Bí gbogbo wọn bá wá, ó pé. Bí ẹni méjì ò bá wá, ó ku méjì. Mo sáré ṣí ojú ewé tí Baba ti fiṣẹ́ sílẹ̀. "Masini de. Ogun to." Ẹ̀rọ dé, ogún èèyàn tó. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni "Ole 3" àti orúkọ èèyàn mẹ́ta, ti Baba sì ni ìkẹta. Kí ni mẹ́tàlélógún fi ju ogún lọ? Ó lé mẹ́ta! Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ Baba. Kò jí ẹ̀kúnwọ́ amọ̀. Tíṣà yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó nà án sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ wá máa kọ́ wa."

Ṣé o rántí ohun tí Baba máa ń wí lórí àga rẹ̀? "Èmi ni mo lé." A rò pé ahọ́n arúgbó ló lọ́, pé "wọ́n lé mi" ló fẹ́ sọ, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ahọ́n rẹ̀ ò lọ́, etí wa ni ò gbọ́.

Ọ̀gá Télọ̀, ìwọ lo máa ń sọ pé aṣọ tí a bá rán wọ́, títú là á tú u. Tú eléyìí. Orúkọ Baba ni kó wà lókè pátápátá, kí wọ́n sì fi àmì sí i dáadáa. Wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó lé lẹ́ẹ̀kan. Kò lè lé nínú ilé ara rẹ̀. Bí a bá ka ìdílé yìí láìka Baba, a ò pé. Ó ku ẹnì kan.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó rọra máa tẹ orúnkún yẹn. Kí gbogbo àwọn ọmọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Màmá Akẹ́kọ̀ọ́.