Káàdì Àwìn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Shamsudeen, Àkànó ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ìyàwó mi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín l'Amẹ́ríkà? Bàbá yín ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ṣì ń wú. Marufat àbúrò rẹ ti wọ yunifásítì l'Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànó, ẹ̀rù ń bà mí. Káàdì tí o fi rán ọ̀rẹ́ rẹ ti dé. O ní o kọ mí mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ kí pọ́ìntì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fi káàdì rajà lè tètè pé, pé pọ́ìntì yẹn ló máa di tíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́kà mi lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn. Mo tọrọ àforíjì káàkiri àdúgbò bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà ti ń ṣe, mo san owó ike tí mo jẹ Ìyá Asiyah.

Àfìgbà tí Marufat wo káàdì náà, tó ní, “Ìyá mi, káàdì àwìn mà ni. Orúkọ yín ló wà lára ẹ̀.”

Èmi tí mo kọ “Kò sí àwìn” sára ògiri ìsọ̀ mi! Bí ọlọ́jọ́ bá dé ńkọ́? Ṣé wọn ò ní dá mi dúró lọ́run nítorí ọjà tí n kò rà?

Jọ̀ọ́, yọ orúkọ mi kúrò. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá bá a lọ, kó máa lọ. Ra bàtà tó fẹ̀ fún bàbá yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọjà kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Gbogbo àdúgbò ti forí jì mí. Gbèsè kan ṣoṣo ló kù lọ́rùn mi, ọmọ tí mo bí ló sì gbé e kọ́ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Zulaikha