Ebè Tí Mo Tú

Sátidé, 28 oṣù Kẹta, 1987

Òdòdó kírókọ́ọ̀sì ti là lẹ́yìnkùlé lónìí, láàárín yìnyín tó ṣẹ́kù.

Nígbà tí Màmá wá kí wa ní Chicago ní oṣù Kẹwàá, wọ́n kọ ebè mẹ́fà, wọ́n gbin irúgbìn rẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà kékeré sínú wọn, bí iṣu. Mo ṣàlàyé pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló fẹ́, ihò tó jìn ní ínǹṣì mẹ́ta péré.

"Dókítà, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní oko?"

Bí wọ́n ṣe padà sílé ni mo tú ebè náà, mo fi rúlà tún un gbìn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè ebè wọn. Mo ń dáhùn pé ó wà níbẹ̀.

A sin Màmá ní oṣù Kìíní.

Òdòdó náà tò gbọọrọ lónìí. Mo wá ibi tí ọwọ́ Màmá kàn, n kò rí i.