Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Àgbà Ilé

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà. Inú ẹgbẹ́ wa dùn gan-an! Ìjọba ti gbà kí ìnṣọ́ránsì máa sanwó fún àwa tí a ń parí ìjà ìdílé. Èmi ni wọ́n rán lọ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀.

Ẹnì kan bi mí pé, "Àgbà ilé ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n kàn ń dájọ́ ni, wọn kì í fetí sílẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú ń tì mí, Bàámi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi gbọ́ tẹnu Akínwálé àti ìyàwó ẹ̀ ní Fìdítì, ẹ ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ṣẹ́ yìí.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi fídíò ẹ̀ hàn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ara mi le.

Ọmọ yín,
Ìfẹ́olúwa