Rédíò Mọ́tò Bàbá Ti Sọ̀rọ̀

Agbo Ilé Aláràn-án,
Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Karimat, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Minna? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ iléèwé rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o gbádùn? Ara Màmá le níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jamilah ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, Bushrah ìyàwó mi náà ní kí n bá òun kí ọ dáadáa. Ó yẹ kí n kí ọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Rédíò mọ́tò Bàbá ti sọ̀rọ̀ o! Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà ni mo gbé bébà lé.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n sinmi. O ní o ti gbàgbé bí ohùn Bàbá ṣe rí. O ní láti ọjọ́ tí o ti dé, tí o bá sàréè dípò Bàbá, ilé wa ti di ibi tí kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ mọ́, o sì ní kí lo tún fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Ó dùn mí, torí mo wá mọ ìdí tí o fi ṣe ọdún méjì láìyọjú. Lẹ́yìn náà lo bi mí bóyá kásẹ́ẹ̀tì sààrì Bàbá ṣì wà nínú mọ́tò, o sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Òun nìkan náà ni wọ́n gba ohùn Bàbá sí, nígbà tí Bàbá àti ẹgbẹ́ ajísààrì wọn ṣì ń jí gbogbo àdúgbò lóṣù Ràmàdáánì, tí ìwọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. O mọ̀ pé òun náà ni wọ́n máa ń dá gbọ́ lọ sí Gbági láràárọ̀, títí tí wọ́n fi lọ.

Àdúràgbà, mọ́tò àgbà tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn sọ lórúkọ, kò kúrò lójú kan láti ìgbà náà. Bátìrì rẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Mo ra tuntun, mo pe Ọlábọ̀wálé, réwáyà tó wà ní Òkè Padre, ó wá fi sí i. Mọ́tò sitáàtì, àmọ́ rédíò kò tanná. Ọlábọ̀wálé yẹ fíúsì wò, ó rí ọ̀kan tó ti jó, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ni iná bá tàn lójú rédíò. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sókè kí n jó, ni mo bá rí i pé kóòdù ló ń bèèrè.

Ọlábọ̀wálé ní nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀ láti iléeṣẹ́. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ àfi ẹni tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó ń ṣí i. Kò ní kọrin, kò sì ní pọ kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la sì lè gbìyànjú rẹ̀. Mo tẹ ọdún tí wọ́n bí Bàbá, ó kọ̀. Jamilah ní ọdún tí Bàbá lọ sí Mẹ́kà ni, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló ta rédíò náà fún wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Mo ṣí ìwé pẹlẹbẹ tó bá mọ́tò wá, igun ojú ewé tó yẹ kí nọ́ńbà wà ti ya lọ. Ọlábọ̀wálé wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n tú u, kí n fi èyí tó ń lo búlútúùtù sí i fún yín. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn lè já tá a bá fipá fà á yọ o, àmọ́ ta ló tún ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì?” O mọ̀ mí, mi ò ní sùúrù. Mo ní kó gbé sukuduráfà rẹ̀ kalẹ̀ kí n tó bínú.

Lánàá, lẹ́yìn Àsárì, mo wọ yàrá Màmá lọ láti sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ rédíò ti há. Ìwọ kò mọ̀ pé láti ìgbà fídáù ni wọ́n ti ní síkírì kan tí wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n bá ti mú tẹ̀sùbáà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ Bushrah jó lọ́jọ́ kan, Màmá ń gbọ́ òórùn rẹ̀, wọn kò la ẹnu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi parí. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀, wọ́n ní, “Egbèje ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó pé.”

Ọdún méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan fún mi rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló kún orí mi lánàá, ni mo bá fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan, mẹ́rin, méjì, mẹ́fà. Mo bi wọ́n pé ta ló fún wọn ní iye yẹn. Wọ́n ní Bàbá ni. Inú ìwé àdúrà Bàbá ni wọ́n ti rí i, lórí bébà kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí, tí wọ́n sì kọ “Má gbàgbé” sí abẹ́ rẹ̀. Màmá rò pé síkírì àṣírí tí Bàbá ń ṣe ni, pé Bàbá fi sílẹ̀ kí àwọn máa bá wọn ṣe é lọ. Wọ́n mú bébà náà jáde. Mo sáré gbé ìwé mọ́tò wá, mo fi í síbi igun tó ya, ó bá a mu rẹ́gí. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní gbogbo bébà Bàbá yòókù ni a ti dáná sun lọ́jọ́ tí a ń pín aṣọ wọn, èyí tí àwọn ń fi ka síkírì nìkan ló kù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa dáwọ́ dúró báyìí. Wọ́n ní, “Ọlọ́run tí mo ń pè ò bi mí pé nọ́ńbà rédíò ni. Mi ò ní dín ọ̀kan kù.”

Gbogbo wa bọ́ sínú mọ́tò, Màmá níwájú, Jamilah àti Bushrah lẹ́yìn. Mo ṣe bìsìmílà, mo tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rédíò ṣe tẹ́ẹ́, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Sípíkà apá òsì nìkan ló sọ̀rọ̀, àmọ́ ó sọ̀rọ̀, Karimat! Agogo kọ́kọ́ dún, ohùn Bàbá sì tẹ̀lé e. Ohùn náà ni, kò yí padà rárá.

Wọ́n kọrin dé iwájú ilé wa, orin dúró. O rántí pé Bàbá kì í kúrò níbẹ̀ títí àwa ọmọ wọn yóò fi dáhùn. Wọ́n pè mí, mo gbọ́ ohùn ara mi, tín-ín-rín báyìí, pé mo ti jí. Jamilah fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n pe òun náà, ó dáhùn. Wọ́n wá ní, “Karimat.” Kò sí ìdáhùn. “Karimat.” Agogo nìkan ló ń dún. Wọ́n ní, “Karimat ọmọ mi, à ń dúró dè ẹ́ o.” Ni Màmá bá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n pa á.

Mo lè fi fóònù gbà á kí n sì fi ránṣẹ́, mo mọ̀. Màmá ló ní rárá, pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá pè kì í dáhùn láti Minna. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ní ata gígún àti irú gbígbẹ lọ́wọ́ fún ọ. Ọjọ́bọ̀ ló ń padà sí Ìbàdàn, mo ti ní kó fi àyè iwájú sílẹ̀ fún ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé a kò ní dá ọ dúró pẹ́.

Ibi tí Bàbá ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni kásẹ́ẹ̀tì náà dúró sí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyókù nínú wa títí o fi dé. A kò tíì mọ̀ bóyá o dáhùn.

Èmi ni bọ̀dá rẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rédíò nítorí rẹ,
Nojeem.